Ọkọ̀ Bàbá Hó ní Agbonou

Ọkọ̀ kì í hó. Omi inú rẹ̀ ló ń hó. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò dúró lẹ́bàá títì, tí ooru funfun yóò máa tú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí yóò pe ilé pé 'omi inú ọkọ̀ mi hó.' 'Ọkọ̀ mi hó' ni yóò wí, yóò sì yé gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ. Àwa mẹ́rin tí a ń kọ ìtàn yìí ti ń bá ara wa jiyàn lórí gbólóhùn yẹn láti Notsé: ṣé ohun tó ń hó gan-an ni olùwà gbólóhùn náà, tàbí ohun tí híhó náà ṣẹlẹ̀ sí? Ọ̀kan nínú wa tó ń wa ọkọ̀ kò dá sí i. Abẹ́rẹ́ tí ń ka ìgbóná ló ń wò, kò sì fẹ́ da ọkàn wa rú.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa kan ti mọ̀ pé èdè Ifè tí wọ́n ń sọ ní agbègbè Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, ni a fẹ́ lọ gbà sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń pe èdè náà ní Ana. Bóyá ẹ̀gbọ́n Yorùbá ni tàbí àbúrò rẹ̀, a kò ní dá sí ìyẹn níbí. Nígbà tí Capo fẹ́ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí èdè wa ní orúkọ ní 1989, 'èdè' àti 'Ifẹ̀' ló so pọ̀ tó fi di Defoid, ìyẹn sì tó láti mú akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè dìde kúrò nílé.

Owó tí a dá jọ kò tó láti háyà bọ́ọ̀sì. Bàbá ọ̀kan nínú wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ló ní kí a gbé Pijó 504 òun lọ. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 ni. Owó tí Bàbá yá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló fi rà á ní 1982, ọkọ̀ náà sì dàgbà ju gbogbo àwa tí a jókòó sínú rẹ̀ lọ. Sátidé kan kì í kọjá kí Bàbá má fọ̀ ọ́. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe fún wa: 'Ẹ má jẹ́ kó hó o. Bó bá hó pẹ́nrẹ́n, ẹ wá ọkọ̀ míì bọ̀ fún mi.'

Kì í ṣe pé Bàbá ń ṣe ojo. Irin ni ara ẹ́ńjìnnì 504, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbóná a máa mú alumíníọ̀mù fẹ̀ ju irin lọ. Bó bá gbóná jù, orí á wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì àárín wọn á jó, omi á sì bá ọ́ìlì pàdé níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti pàdé. Nínú agbára tó wà nínú epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń di ìrìn. Ìdá kan ń bá èéfín jáde. Ìdá tó kù, omi ló gbọ́dọ̀ gbé e lọ sínú rédíétọ̀ kí afẹ́fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, láìsinmi, bí ọkọ̀ bá ṣì ń lọ.

Lẹ́yìn Notsé, abúlé kan wà lójú ọ̀nà tí ń jẹ́ Wahala. Òótọ́ ni, ẹ wò ó lórí máàpù. Lẹ́bàá odò Chra níbẹ̀ ni àwọn Jámánì àti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti jà ní ọjọ́ 22, oṣù kẹjọ, 1914. Itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun náà ṣì wà níbẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a ya fọ́tò pátákó orúkọ abúlé náà, a bọ́ sọ́nà. Kò pé wákàtí kan tí abẹ́rẹ́ fi wọ inú pupa.

Agbonou ni oríta tí ọ̀nà Lomé ti ń pín: ọ̀kan ń bá tirẹ̀ lọ sí Sokodé, ìkejì ń gun òkè wọ ìgboro Atakpamé. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń dúró sí, tí àwọn awakọ̀ wọn ń jẹun, tí àwọn ọlọ́kadà sì ń dúró de èrò. Ibẹ̀ la dé nígbà tí ohun kan bú ṣààà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Ọkọ̀ dúró. Ọ̀kan nínú wa bọ́ sílẹ̀, ó fi ẹ̀wù wé ọwọ́, ó fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ìyá kan tó ń ta iṣu sísun ní òdìkejì títì bá figbe ta. A kò gbọ́ ohun tó sọ tán (àwa tí a torí èdè náà wá láti Nàìjíríà!), ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ara rẹ̀, ó sì ń mi orí. Ìyẹn kò fẹ́ ògbufọ̀.

Ìdérí yẹn kì í ṣe ìdérí lásán. Sípíríǹgì wà nínú rẹ̀ tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Omi tó wà ní gbangba ń hó ní 100 lórí ìwọ̀n Celsius; bí a bá fi ìlọ́po méjì agbára afẹ́fẹ́ ojú ayé tẹ̀ ẹ́, ó di nǹkan bí 120 kó tó hó. Ẹni tó bá wá ṣí i lójijì, omi tó ti kọjá 100 yẹn á ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ẹni tó ṣí i ló sì máa bá pàdé. A jókòó sílẹ̀, a ra iṣu lọ́wọ́ Ìyá náà, a dúró kó tutù.

Òun náà ló ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń jó rédíétọ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin àtijọ́. Agbonou yìí ni ọ̀nà reluwé tí àwọn Jámánì là láti Lomé parí sí ní 1911, kí àwọn Faransé tó fà á dé Blitta ní 1934. Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò níbẹ̀ mọ́. Ní ayé ẹ̀rọ eléèéfín, reluwé náà kò lè rìn jìnnà kó má dúró mu omi. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ omi àti ẹ̀rọ kì í ṣe tuntun lágbègbè yẹn.

Ọkùnrin náà tó ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ó gbọ́ bí a ṣe ń bá ara wa jà, ó sì fi Yorùbá Mushin pọ́ńbélé sọ pé: 'Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rọra. Ọkọ̀ tó hó ò tíì kú.' Ẹnu yà wá. Mushin ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó ku ọdún kan kó gba fírídọ́ọ̀mù nígbà tí ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ ní oṣù kìíní 1983 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìtàn 'Ghana Must Go' la máa ń gbọ́, a sì máa ń rò pé àwọn ará Gánà nìkan ló kàn. Àwọn ọmọ Tógò wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ Benin wà nínú rẹ̀. 'Títí dòní, n ò gba fírídọ́ọ̀mù,' Ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń tú họ́ọ̀sì rédíétọ̀ wa lọ. A kò mọ ohun tí a lè wí. A kò tíì bí wa nígbà náà; ìyẹn náà kì í ṣe ìdáhùn.

Nígbà tó tú rédíétọ̀ sílẹ̀, ó dà á nù, ó fi hàn wá. Idẹ ni ìkòkò òkè àti ti ìsàlẹ̀, bàbà ni abala àárín tó rí bí afárá oyin, ìlà ọ̀pá méjì ló sì ní. Omi kànga ti fi ẹfun dí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀pá náà pa. Bí a bá fẹ́ parí ìrìn-àjò, kì í ṣe ká kàn dí ibi tó ń jò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ gbé tuntun wá. Alumíníọ̀mù tó ń dán ni, rọ́bà líle sì ni ìkòkò rẹ̀. Kò ju 30,000 sẹ́fà lọ. Ọ̀kan nínú wa tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé: ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní Mustang, Camaro tàbí Chevelle ayé 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1970 ti ń yọ rédíétọ̀ idẹ kúrò bí wọ́n bá ti fi agbára kún ẹ́ńjìnnì wọn, alumíníọ̀mù ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Bàbà ń gbé ooru ju alumíníọ̀mù lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá alumíníọ̀mù ṣeé ṣe ní fífẹ̀, omi púpọ̀ á sì máa fara kan ara rẹ̀. Ìlà méjì tó fẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ ìlà mẹ́rin tó tínrín. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó kù díẹ̀ ká san owó.

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán. 'Amẹ́ríkà dáa,' ó ní. 'Bó bá wá jò mọ́ yín lọ́wọ́ ní Aného, ta ló máa bá yín jó o? Òjé wa yìí kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. Rọ́bà tó bá sì sán, ẹ jù ú nù ni. Ṣùgbọ́n idẹ, láti ibí dé ilé yín, ẹ ò ní ṣàìrí ẹni tó máa jó o.' Ohun tó fẹ́ ṣe ni pé kó fi àwọn ìkòkò idẹ wa sílẹ̀, kó gé afárá bàbà onílà mẹ́ta láti ara rédíétọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú, kó jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ méjì. 45,000 sẹ́fà.

Ìjà tí a jà lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò ṣeé kọ tán. Owó náà ni owó ibùsùn wa àti ẹ̀bùn àwọn àgbà tí yóò bá wa sọ̀rọ̀. Bí a bá ná an, ọ̀sẹ̀ kan á di ọjọ́ mẹ́rin, méjì nínú rẹ̀ á sì kọjá ní ìsọ̀. A kò ní rí Kamina tó wà nítòsí níbẹ̀, níbi tí àwọn Jámánì kọ́ ilé wáyáléèsì sí, tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ ní oṣù kẹjọ 1914 kó má bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. A dìbò. Idẹ ló borí, mẹ́ta sí ọ̀kan. Ọmọ Bàbá gan-an ni ẹni kan yẹn: ẹ̀rù ń bà á pé Bàbá á rí i pé wọ́n ti tú nǹkan òun. Ó ti sọ fún un lórí fóònù pé ọ̀nà dára, kò sí ìṣòro.

Ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ náà rí á rò pé ó rọrùn. Iná ni wọ́n fi yọ́ òjé àtijọ́ kúrò. Wọ́n fi ásíìdì fọ ojú idẹ títí ó fi dán, nítorí òjé kì í gbá ìdọ̀tí mú. Wọ́n wá jó o, wọ́n dí gbogbo ẹnu rẹ̀, wọ́n rì í sínú ọpọ́n omi, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, gbogbo wa sì tẹjú mọ́ omi bí ẹni ń wo èsì ìdánwò. Níbi tó bá ti hó fóòfó, ibẹ̀ ni wọ́n tún jó. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n rì í.

Ibẹ̀ ni a tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ọ̀gá ń pè é ní rédíétọ̀, fáànù, họ́ọ̀sì. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń pe àwọn nǹkan kan náà ní radiateur, ventilateur, durite. Ìsọ̀ kan, tábìlì kan. Ìlú tí oníkálùkù ti kọ́ṣẹ́ hàn nínú ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń lò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ ní kí ẹnìkan gbé e, kó dà á, kó dì í mú, Ifè ni gbogbo wọn ń sọ. A kò rí èyí nínú ìwé ìbéèrè oníọ̀rọ̀ 200 tí a kó wá.

Ní ọjọ́ kẹta, a gbé ọkọ̀ gun òkè lọ sí ìgboro. Kò tíì dé ìdajì òkè tí abẹ́rẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ foríjì wá, ọ̀kan nínú wa sunkún. A padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá, ó ní kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ó sì dákẹ́ tó ń wò ó. Fáànù kò yí. Fáànù 504 kì í yí ní gbogbo ìgbà: mágínẹ́ẹ̀tì oníná ló ń gbá a mú nígbà tí omi bá gbóná, á sì tú u sílẹ̀ bó bá tutù, kí epo má baà ṣòfò. Kábọ̀nù kékeré kan ló ń gbé iná dé ibẹ̀. Tiwa ti jẹ tán. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, afẹ́fẹ́ ìrìn tó ọkọ̀. Rédíétọ̀ tó dí ló ṣe wá níbẹ̀. Lórí òkè tí a ti ń fà díẹ̀díẹ̀, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́wàá, bí afẹ́fẹ́ kò bá gba inú rẹ̀ kọjá, omi gbígbóná lásán la gbé síwájú. 'Èmi ni mo jẹ̀bi,' Ọ̀gá ní, 'ó yẹ kí n ti wò ó lọ́jọ́ kìíní.' Ó fi bóòtù de fáànù mọ́ ìdí rẹ̀ kó máa yí nígbà gbogbo, kò sì gba kọ́bọ̀ lé e. A tún gun òkè náà. Abẹ́rẹ́ kò mira.

Nínú ọ̀rọ̀ 200, 117 la gbà bọ̀ wálé.

Bàbá kò sọ nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ tí a dé. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti fọ̀ ọ́. Ó rí òjé tuntun, ó rí bóòtù lára fáànù. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó pe gbogbo wa. A dọ̀bálẹ̀, a rò fún un látòkèdélẹ̀, títí kan irọ́ orí fóònù. Ó fọwọ́ ra ojú ibi tí wọ́n jó, ó bi wá pé, 'Ta ló jó o?' A sọ ti Mushin fún un, a sọ ti 1983. Ó ní, 'Èló ló gbà?' A dá a lóhùn. Ó ní owó náà kéré. Ó ní ká pe nọ́ńbà rẹ̀ fún òun.

'Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o,' a gbọ́ tó wí. 'Èmi ni mo ni Pijó yẹn.' Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù jáde lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, ó sì pẹ́ níbẹ̀.