Panteka: Ọjà Tí Àlòkù Ti Ń Di Ọ̀tun

Àwọn àgbà ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé bí ènìyàn ṣe ná ọjà rẹ̀ yóò bá a dé ilé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ rìn dé Panteka ní ìlú Kàdúná, kí a wo bí a ṣe ń ra ayùn ẹlẹ́ńjìnnì àlòkù ní owó pọ́ọ́kú, kí a sì wo ohun tí ó yẹ kí Mùsùlùmí mọ̀ kí ó tó yọ owó lápò.

Bí ẹ bá dé Tudun Wada, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Kàdúná, ẹ kò ní béèrè ọ̀nà ọjà náà pẹ́. Ìró òòlù lórí irin ni yóò pè yín. Ní ìhín, wọ́n ń jó irin mọ́ irin. Ní ọ̀hún, àwọn káfíńtà ń fá pákó. Láàárín wọn ni ilẹ̀kùn, páànù, ẹ̀rọ amúnáwá àti irin oríṣiríṣi tí ẹlòmíràn ti lò rí wà, tí wọ́n ń retí olówó tuntun. Èdè Hausa ni èdè ọjà náà, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé òkè ọya ni àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìlọrin ti ń tẹ̀ dó síbẹ̀. Ọmọ wọn a kí yín ní “Sannu da aiki”, a sì fi “Ẹ kú iṣẹ́” tì í.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni ó gbé mi débẹ̀. Igi dóńgóyárò kan gbẹ nínú ọgbà wa, ó sì tẹ̀ sórí òrùlé kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Òjò sì ń bọ̀ lọ́nà. Ìgbìmọ̀ àwọn òbí rò ó pé àwọn igi mìíràn wà tí a ó máa rẹ́ lẹ́ka lọ́dọọdún, nítorí náà ó sàn kí a ní ẹ̀rọ tiwa. Ṣùgbọ́n owó tí a rí kó jọ kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye ẹ̀rọ tuntun lọ. Wọ́n ní kí n lọ wo àlòkù.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun ìṣeré. Ọdún 1926 ni Andreas Stihl dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Jámánì, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni méjì ni í di ayùn kan mú. Husqvarna ti orílẹ̀-èdè Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1959. Lónìí, ẹnì kan ṣoṣo ni í gbé e, ṣéènì eléyín rẹ̀ a sì máa sáré tó nǹkan bí mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín igi àti itan ènìyàn. Bí ẹni tí ó tà á bá fi àbùkù rẹ̀ pamọ́, kì í ṣe owó nìkan ni ẹni tí ó rà á lè pàdánù.

Ní ìsọ̀ àkọ́kọ́ tí mo yà sí, ẹ̀rọ kan ń dán gbinrin. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a tú u wò. Wọ́n ní ọjà náà kò gba àyẹ̀wò. Mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo sì kọjá.

Ìsọ̀ kejì jẹ́ ti àgbà oníṣẹ́ kan tí bàbá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo kí i tán, tí mo sọ ohun tí mo bá wá, kò dárúkọ owó rárá. Ó ní, “Àfáà, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rọ ná, kí a tó sọ̀rọ̀ owó.”

Ẹ fi ohun tí ó fi hàn mí sọ́kàn. Èkínní, láìtan ẹ̀rọ náà, ó di okùn tí a fi ń tan án mú, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà rọ̀ sílẹ̀ lórí okùn. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó ń dúró, tí ó ń lọ, agbára ṣì wà nínú ẹńjìnnì; bí ó bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti gbó. Èkejì, ó tú sàlẹ́ńsà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò rẹ̀, ó ní kí n wo písítìnì. Èyí tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ ni ó dára. Èyí tí ó ní ojú ìha lóòró, bí ẹni pé ológbò fi èékánná ya á, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi bẹntiróòlù lásán lò ó. Ẹ̀kẹta, ó wo irin gbọọrọ tí ṣéènì ń gbà yí, bóyá ojú ọ̀nà rẹ̀ ti fẹ̀ jù, ó sì wo eyín jíà kékeré tí ó ń yí i. Ẹ̀kẹrin, ó ti ọwọ́ bíréèkì síwájú, ó fa ṣéènì. Kò gbọdọ̀ yí.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀. Mo na ọwọ́ sí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, nítorí pé ó dún dáadáa. Bàbá náà mi orí. Ó ní ti àtijọ́ ni, kò ní bíréèkì, òun kò sì ní tà á fún ẹni tí yóò lò ó níbi tí àwọn ọmọdé wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tú u fún ẹ̀yà ara rẹ̀ nìkan ni òun yóò tà á fún. Písítìnì èkejì ti ha. Ẹ̀kẹta ni ó kù: ìdọ̀tí bò ó, kò sì ṣiṣẹ́ rárá. Ó ní, “Èyí ni tiyín. Ara rẹ̀ le. Àìsàn rẹ̀ kò ju ti rọ́bà lọ.” Lẹ́yìn náà ni ó mú rìsíìtì ẹni tí ó tà á fún un jáde, nítorí pé ohun tí ó pọ́ọ́kú láìnídìí lè jẹ́ ẹrù olè, bẹ́ẹ̀ ni Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ra ẹrù olè.

Ẹ̀yin ará, ẹ rántí ìtàn Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nínú ọjà. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Oníṣòwò náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ gidigidi fún àwọn oníjìbìtì. Imam Muslim ni ó gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra. Ọ̀dà tuntun lára ẹńjìnnì tí ó ti gbó, kí ni ó fi yàtọ̀ sí ọkà gbígbẹ lórí ọkà tútù? Nínú hadíìsì Hakim ọmọ Hizam, tí Bukhari àti Muslim gbà wá, a kọ́ pé òótọ́ àti fífi àbùkù hàn ni ó ń mú ìbùkún wọ inú ọjà, irọ́ àti ìfipamọ́ ni ó sì ń lé e lọ.

Àtúnṣe náà gba ọ̀sán kan. Bàbá náà tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́; awọ tín-ín-rín inú rẹ̀, tí ó yẹ kí ó rọ̀, ti gan paali, ó sì fi tuntun sí i. Ó pààrọ̀ rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, asẹ́ epo àti pulọ́ọ̀gì. Ó fi ọṣẹ fọ asẹ́ afẹ́fẹ́, ó sá a sóòrùn. Ó fi fáìlì róbótó pọ́n eyín ṣéènì, iye ìgbà kan náà fún eyín kọ̀ọ̀kan, kí ayùn má baà máa yà sápá kan. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásàrí, ó gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ó bu omi sí búta, a sì jọ kírun lẹ́yìn ìsọ̀. Lẹ́yìn ìrun ni ó fa okùn. Ní ìfà kẹrin, ẹ̀rọ náà ké. Owó rẹ̀ àti owó àtúnṣe kò ju èyí tí a kó jọ lọ.

Ẹni tí ó bá ra irú rẹ̀, kí ó má ṣe da bẹntiróòlù lásán sí i. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ń fẹ́ mìlílítà 20 ọ́ìlì sí lítà bẹntiróòlù 1; púpọ̀ nínú ti àtijọ́ ń fẹ́ 40. Ọ́ìlì ṣéènì ní táńkì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òkè ṣónṣó ayùn kan igi, nítorí ibẹ̀ ni ó ti máa ń ta padà sí ènìyàn lójú. Ẹ wọ bàtà líle, ẹ dáàbò bo ojú àti etí, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Ayùn tí ó mú kò ní kí a pa igbó run. Igi tí àwọn Hausa ń pè ní madobiya ti wọ abẹ́ ààbò àdéhùn àgbáyé CITES láti ọdún 2017, nítorí pé wọ́n gé e ní ìgékúgèé. Ànábì wa sì kọ́ wa pé igi tí Mùsùlùmí bá gbìn, tí ẹyẹ, ènìyàn tàbí ẹranko bá jẹ nínú rẹ̀, sàráà ni fún un. Nítorí náà, igi máńgòrò mẹ́ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbìn dípò dóńgóyárò kan tí a gé.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń wá ibi tí ọmọ yín yóò ti kọ́ṣẹ́, ẹ má ṣe wo ìmọ̀ ọwọ́ ọ̀gá nìkan. Ẹ wò ó bóyá a máa sọ àbùkù ọjà rẹ̀ kí ó tó dárúkọ owó. Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sínú kátàkárà wa, kí Ó sì jẹ́ kí a ná ọjà ayé re ilé ire. Àmín.