Ohùn Gìtá Tí Ó Gún Bàbá Mi Létí

Lọ́jọ́ tí a ń ṣe ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún ìyá mi ní Ìbàdàn, èmi ni mo ta gìtá. Orin kẹta ni a wà tí bàbá mi fi dìde ní ìjókòó wọn, tí wọ́n rọra rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, tí wọ́n sì sọ ọ́ sí mi létí pé: "Àkànní, rọra dín in kù. Ó ń gún àwọn èèyàn létí." Mo dín in kù. Nígbà tí mo dín in kù tán, kò sí ẹni tí ó gbọ́ gìtá náà mọ́ títí agbo fi tú. Gángan bò ó, àwọn akọrin bò ó, àfi bí ẹni pé n kò sí láàárín wọn rárá.

Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà, ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n onígìtá ni bàbá mi. Wọ́n bá ẹgbẹ́ olórin jùjú kan ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní àkókò tí orin Ebenezer Obey àti ti King Sunny Adé gba ìgboro kan. Gìtá kan àti áńpù ńlá kan ni wọ́n fi ń jẹun nígbà náà, irú áńpù tí gíláàsì inú rẹ̀ máa ń pọ́n yòò bí ó bá ti gbóná. Òun ni wọ́n fi tọ́ àwa ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ òde sílẹ̀, wọ́n gbé e fún mi.

Mo lò ó fún ọdún mẹ́ta. Ẹni méjì ni ó máa ń gbé e wọ inú ọkọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ kì í dùn àfi bí a bá yí i sókè débi tí ará ilé kò ní lè sùn. Nígbẹ̀yìn, mo bẹ Bàámi pé kí wọ́n jẹ́ kí n tà á, kí n fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ afarawé. Ẹ̀rọ yìí kò tóbi ju ìwé atúmọ̀-èdè lọ. Kọ̀ǹpútà ni ó wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti fara wé ohùn oríṣiríṣi áńpù àti àpótí sìpíkà. A ó fi wáyà so ó mọ́ sìpíkà alágbèéká, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé lọ sí òde ìsọmọlórúkọ, ó parí. Kì í ṣe nǹkan tuntun: láti ọdún 1998 ni ilé-iṣẹ́ Line 6 ti gbé POD jáde. Bàámi ronú fún ọjọ́ méjì, wọ́n ní, "Bí ohùn náà bá ṣì ń jáde, tà á." Mo ṣèlérí pé yóò máa jáde.

Ìlérí yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn ní alẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ náà. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, sìpíkà kò ní àbùkù, èmi ni mo ṣì í tò. Òru ni mo ti to ohùn náà, pẹ̀lú hẹ́dífóònù létí, kí ọmọ má baà jí. Ó dùn létí mi bí oyin. N kò mọ̀ pé etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ ohùn kékeré bí ó ti ń gbọ́ ohùn ńlá. Fletcher àti Munson, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1933: bí ohùn bá rọlẹ̀, etí wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èyí tí ó nípọn nísàlẹ̀ àti èyí tí ó mú ṣáṣá lókè. Nítorí náà ni mo ṣe bu ìsàlẹ̀ àti òkè kún un lóru ọjọ́ náà, tí mo sì yọ àárín kúrò. Nígbà tí a yí i sókè lóde, gbogbo ohun tí mo bù kún un ni ó jáde ní ìlọ́po. Ìsàlẹ̀ ń kùn, òkè ń gún etí, àárín tí ohùn gìtá ń gbé kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ bẹ àwọn aládùúgbò, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sí àgbàlá. Mo bẹ Bàámi pé kí wọ́n jókòó sí òkèèrè díẹ̀, níbi tí àlejò ì bá jókòó sí, mo sì yí ohùn sókè bí yóò ti rí lóde gan-an. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ kò kan bọ́tìnnì kankan. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí sìpíkà rẹ fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí alágbe?" Mo gbé e kúrò lẹ́bàá ògiri, mo gbé e sórí irin gíga, kí ẹnu rẹ̀ lè bá etí àwọn èèyàn dọ́gba. Ìkùn ìsàlẹ̀ náà rọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ilẹ̀ àti ògiri a máa bu kún ohùn tí ó nípọn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé MIC ni mo yí ihò sìpíkà náà sí, dípò LINE. Ohùn máìkì kéré púpọ̀, sìpíkà a sì máa gbé e ga. Ohùn ẹ̀rọ mi lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi ń fọ́ kí ó tó jáde.

Bàámi kò mọ orúkọ bọ́tìnnì kan nínú ẹ̀rọ náà. Èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ, èmi ni mo sì ń túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó sanra jù." Mo gé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ 100 Hz, nítorí pé ilé onígìtá báàsì àti ìlù ńlá nìyẹn. Wọ́n ní, "Ó ń ta bí epo gbígbóná." Mo gé òkè láti 6,000 Hz. Sìpíkà inú áńpù gìtá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tí ó kọjá nǹkan bí 5,000 Hz, ṣùgbọ́n sìpíkà alágbèéká, tí a ṣe fún orin àti ọ̀rọ̀ sísọ, lè gbé e súnmọ́ 20,000 Hz. Ariwo tí áńpù Bàámi máa ń bò mọ́lẹ̀ ni tèmi ń tú síta. Wọ́n ní, "Inú rẹ̀ ṣófo." Mo dá àárín padà. Wọ́n ní, "Ó dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú kànga." Mo dín gbohùngbohùn rẹ̀ kù, nítorí gbọ̀ngàn onísìmẹ́ńtì ti ní tirẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta ni ó gbà wá. Nígbà tí a parí, Bàámi bi mí pé, "Nígbà tiwa, kí á tó bẹ̀rẹ̀ òde, ẹnìkan nínú wa a máa bọ́ sáàárín àwọn àlejò lọ gbọ́ ọ. Ta ni ó lọ gbọ́ tìrẹ?" N kò ní èsì. Ẹni tí ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lóde, ẹ má ṣe fi hẹ́dífóònù parí iṣẹ́ yín. Ẹ yí i sókè bí yóò ti rí, kí ẹ sì wá ẹni tí kò ní tàn yín, kí ó bá yín jókòó sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbọ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni a sọ ọmọ mi kejì lórúkọ. Nígbà tí àlejò ti ń dín kù, Bàámi nawọ́, wọ́n ní kí n gbé gìtá wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i lọ́wọ́ wọn. Ìka wọn kò yá mọ́ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n okùn kọ̀ọ̀kan dún gaara, ìyá mi sì yọjú láti ibi ìdáná. Wọ́n ta á títí, wọ́n wá bi mí pé èló ni mo ta áńpù náà gan-an. Mo sọ fún wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n ní mo tà á ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì ń bá orin wọn lọ.