Òdòdó Ilẹ̀ Tó Ti Ṣá

Ní ọdún kejì tí mo ti ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí òtútù ti palẹ̀ mọ́ tí oòrùn sì ń pẹ́ lójú ọ̀run bí àlejò tí a tẹ́ ẹní fún, mo ń wo ìta láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, ni mo bá rí òdòdó funfun báláú tí ó lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, lórí òkìtì yàǹgí tí ènìyàn kò lè rò pé ohun alààyè kan lè ta gbòǹgbò sí. Ojú-akọ-màlúù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwọn Faransé ń pè é ní marguerite, ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ̀ wá láti inú èdè Gíríìkì, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ péálì, òun náà sì ni àwọn ọmọge wọn máa ń já ní ewé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi ń dá a bóyá olólùfẹ́ fẹ́ràn wọn tàbí kò fẹ́ràn wọn.

Ní ọjọ́ kan mo já ọ̀kan lẹ́bàá ọ̀nà oko, mo jókòó tì í, mo sì fi abẹ́rẹ́ tú u wò. Háà, ohun tí mo ń pè ní òdòdó kan ṣoṣo, odidi ìlú ni! Ewé funfun kọ̀ọ̀kan tí ó yí i ká jẹ́ òdòdó lọ́tọ̀, àárín rẹ̀ tí ó pọ́n bí ìyeyè sì jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún òdòdó tíntìntín tí wọ́n fún mọ́ra bí èrò ọjà ọrún. Àwọn tí ó wà létí ni ó kọ́kọ́ ń là, àwọn ti àárín a máa dúró de ọjọ́ tiwọn, títí ó fi kan gbogbo wọn. Ewúro tí ìyá mi gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ni mo rántí, nítorí ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kà wọ́n sí, òdòdó ewúro náà a sì máa kóra jọ bẹ́ẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó pẹ́ kí n tó lè dìde níbẹ̀.

Ìyá onílé mi ní ọgbà kan tí ó fi ń yangàn. Irú òdòdó funfun yìí tí ó gbìn síbẹ̀ tóbi ju ti pápá lọ fíìfíì: ọmọ ọwọ́ Luther Burbank ti Kalifóníà ni, ẹni tí ó fi ọdún 17 so òdòdó ilẹ̀ Yúróòpù pọ̀ mọ́ ti Japan, tí ó gbé e jáde ní ọdún 1901, tí ó sì fi òkè Shasta sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé ó funfun bí yìnyín orí òkè náà. Bí ọmọ ọba ni màmá ń kẹ́ ẹ, omi láràárọ̀, ajílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ti pápá, tí í ṣe baba ńlá rẹ̀, bá yọrí láàrin koríko, kíá ni ọwọ́ rẹ̀ á ti dé gbòǹgbò. "Èpò ni," ni yóò wí. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ń bá a pè é. N kò bá a jiyàn, nítorí wàrà màlúù tí ó bá jẹ ẹ́ a máa yí padà lẹ́nu, àti ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà, níbi tí irúgbìn rẹ̀ bá àwọn àtìpó dé, ó ti gba pápá mọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí ó dùn mí ni pé ilẹ̀ tó ti ṣá ni òdòdó yìí fẹ́. Bí a bá bọ́ ilẹ̀ yó, koríko a dìde, a bò ó mọ́lẹ̀, òdòdó a sì kú láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ajílẹ̀ àti ìtúlẹ̀ tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ láti nǹkan bí ọdún 1930 wá ti jẹ pápá olódòdó Ẹ́ńgílándì àti Wéèsì run tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nínú 100, bíi 3 péré ni ó ṣẹ́kù. N kò lè ka iye yìí kí ọkàn mi má gbọgbẹ́. Àwọn tí ń fẹ́ dá pápá wọ̀nyí padà ń gbin ewéko kan tí ń fa oje koríko mu, bí àfòmọ́ ti ń ṣe igi kòkó, kí agbára koríko lè dín kù. Wọn a sì kó koríko gígé kúrò nílẹ̀, kí ó má baà jẹrà di ọ̀rá fún ilẹ̀.

Nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, mo gbọn irúgbìn ẹ̀bá irin sínú àpò ìwé, mo sì tọrọ igun ẹ̀yìn ahéré èédú lọ́wọ́ màmá, ibi tí ohunkóhun kò ti hù rí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì ni wọ́n tó tanná. Orí òdòdó 11 ni mo kà. Màmá yọ sí wọn pẹ̀lú agolo omi lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn, àtíkè rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò fa ọ̀kankan tu. Ó gbé omi rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ sí ọgbà iwájú.