Ẹ Jẹ́ Kí Fáìlì Mú Ọjọ́ Rẹ̀ Dání

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ohun gbogbo. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa àti ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ní Arepo níbí.

Bàbá tó kọ́ wa ní kéwú, kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n, a máa gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde láyé, a ṣe ẹ̀dà àwọn ohùn náà láti inú káàdì fóònù sínú fódà kan lórí kọ̀ǹpútà ilé-kéwú. Ìgbà náà la gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó takora. Nínú ọ̀kan, wọ́n ní bí àwọn bá kú, kí a ta ilẹ̀ ẹ̀yìn mọ́sáláṣí, kí a fi owó rẹ̀ tún òrùlé kíláàsì ṣe. Nínú èkejì, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tà á, wákáfì ni fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A sì mọ̀ pé nínú wàsíyyà, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ló ń pa ti ìṣáájú rẹ́. Èwo ló kẹ́yìn?

A wo ibi tí kọ̀ǹpútà kọ Created sí: ọjọ́ kan náà ló wà lára gbogbo fáìlì, ìyẹn ọjọ́ tí a kó wọn wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan wá fi ìlà Modified hàn wá, ó sì dà bíi pé ọ̀rọ̀ títà ló kẹ́yìn. Inú wa dùn, nítorí òjò ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu, àwa náà sì wà lára àwọn tó fẹ́ tà á. Àfi bí a ṣe rántí pé àwa fúnra wa la gé ariwo kúrò níbẹ̀rẹ̀ ohùn yẹn, tí a sì tọ́jú rẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lórí. Ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa ni kọ̀ǹpútà ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí Bàbá sọ̀rọ̀. A jẹ́wọ́, a sì wá káàdì fóònù jáde. Ọjọ́ ara rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ wákáfì ló kẹ́yìn. Nítorí pé aago fóònù lè ṣì, a bi àgbà méjì tó jókòó ti Bàbá. Ẹ̀rí wọn bá a mu. A kò ta ilẹ̀ náà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí. Lórí Windows, bí ẹ bá fi Copy ṣe ẹ̀dà fáìlì, Created ẹ̀dà náà yóò di ọjọ́ òní, ṣùgbọ́n Modified yóò dúró bó ṣe wà, títí ẹnì kan yóò fi kọ nǹkan mìíràn sínú fáìlì náà. Bí ó bá jẹ́ Cut àti Paste, láti fódà kan sí òmíràn lórí díìsìkì kan náà, ọjọ́ méjèèjì kò ní yí padà. Ó dà bí ìgbà tí Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori gbé Markaz láti Abẹ́òkúta lọ sí Agége ní ọdún 1955: ibùdó yí padà, ṣùgbọ́n ọdún 1952 tí wọ́n dá a sílẹ̀ kò yí padà. Bí fáìlì bá pọ̀, àṣẹ robocopy, pẹ̀lú /COPY:DAT àti /DCOPY:T, yóò kó ọjọ́ fáìlì àti ti fódà lọ.

Ìtàn sọ fún wa pé Abu Musa Al-Ash'ari kọ̀wé sí Sàyìdínà Umar pé ìwé ń dé ọ̀dọ̀ àwọn láìní ọjọ́ lára. Nínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ni a ti fi Hijira Ànábì, tó bọ́ sí ọdún 622, ṣe ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà ọdún wa.

Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa tún ṣe. Ẹ kọ ọjọ́ mọ́ orúkọ fáìlì, ẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀ ohùn, bí àwọn adàwékọ àtijọ́ ti ń kọ ọ́ sí ìparí ìwé.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a sọ ohun tí àwọn àgbà fi lé wa lọ́wọ́ nù. Àmín. Wassalaamu alaekum.