Kòkó tuntun wọ oko Ìdànrè, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gé kòkó bàbá ẹ̀?

Ẹni tó bá gba Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, òkè lojú ẹ̀ á kọ́kọ́ rí. Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ ju 600 lọ, èèyàn á gùn ún kó tó dé Ìdànrè àtijọ́, níbi táwọn èèyàn ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Òkè yẹn làwọn àlejò ń torí ẹ̀ wá ya fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ohun tó ń bọ́ Ìdànrè kò sí lórí òkè o. Ìdí igi kòkó ló wà. Lásìkò ìkórè, òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á ti pàdé yín lọ́nà.

Ọ̀tá méjì ni kòkó ní níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àrùn tó ń sọ èso di dúdú, tí èso tó yẹ kó pọ́n á jẹrà lórí igi. Bí òjò bá ń rọ̀ léraléra, tí òòrùn ò ráyè wọ abẹ́ igi, ṣe ló ń ràn láti èso kan dé èkejì. Ìkejì ni kápísìdì, kòkòrò kékeré tó ń fa omi ara èso àti ọ̀mùnú igi. Gámálìn 20 làwọn bàbá wa fi ń pa á. Oògùn yẹn burú débi pé àwọn kan ń fi pẹja lódò! Lindane tó wà nínú ẹ̀, àdéhùn àgbáyé ti ní kí wọ́n má lò ó lóko mọ́ láti 2009.

Ìdí nìyẹn tí CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn, fi ń wá igi tó lè gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Ní nǹkan bí 2010, wọ́n gbé oríṣi mẹ́jọ jáde, TC1 dé TC8. Wọ́n ní láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta ló máa so, àti pé ó ń fara da àrùn àti kòkòrò ju ti àtijọ́ lọ.

Ẹ má rò pé ẹnì kan kàn jókòó sí ọ́fíìsì, ló bá ní igi yìí lágbára. Wọ́n á kán omi tí àrùn wà nínú ẹ̀ sára èso tàbí ewé tí wọ́n já, wọ́n á wo bó ṣe ń ràn. Wọ́n á kó kòkòrò sínú àwọ̀n pẹ̀lú igi kéékèèké, wọ́n á ka ojú ibi tó ti jẹ. Ìyẹn ò tíì tó, oko ni adájọ́. Wọ́n á gbin tuntun àti àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tó yàtọ̀ síra, wọ́n á máa ka èso tó dúdú lórí igi kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. CRIN ní ẹ̀ka ní Ọ̀wẹnà, ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí náà, wọ́n ní ní Uhonmora ní Edo, wọ́n tún ní ní Ajassor, Cross River. Igi tó ṣe dáadáa n'Íbàdàn lè jìyà níbòmíì.

Àmọ́ kó fara da àrùn kò ní kí àrùn má ṣe é rárá o. Ẹni tí kò bá gé ẹ̀ka, tí kò já èso tó ti bàjẹ́ kúrò, òun náà á rí dúdú.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni ti irúgbìn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi kan lọ sára òdòdó èkejì kí wọ́n tó rí TC. Ẹni tó bá lọ já èso lóko aládùúgbò, tó gbin hóró ẹ̀, kì í ṣe TC ló gbìn mọ́. Ọmọ tó máa hù jáde á dà bí ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan lágbára, ọ̀kan aláìsàn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, á ní ìjọba ló tan òun jẹ.

Ti gígé wá ńkọ́? Ní December 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ta ló máa gé igi tó ń so lọ́dún bẹ́ẹ̀, kó wá dúró ọdún méjì láìrí kọ́bọ̀? Owó yẹn ti já wálẹ̀ gan-an látìgbà náà, igi bàbá wọn ṣì wà ní ìdúró. Àwọn tó gbọ́n máa ń gbin tuntun sí àlàfo ibi tí àtijọ́ ti kú, wọ́n á fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ibòòji fún un, torí ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń pa ọmọ kòkó. Bó bá ti ń so, wọ́n á máa gé àtijọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.