Rìsíìtì Tí A Kò Tọ́jú

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọ lu bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéú wa ní títì Ìkòròdú, nígbà tó ń bọ̀ wálé sí Alápẹ̀rẹ̀ níbí. Télọ̀ ni bàbá náà. Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an ló kán. Jámáà mọ́sálásí wa dáwó, àwa la sì ń lọ san án ní ọsibítù. Gbogbo rìsíìtì tí wọ́n ń já fún wa, àpò agbádá la ń jù ú sí, alágbàfọ̀ ló sì fọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Sàráà la rò pé a ń ṣe; ta ní í ṣírò sàráà?

Nígbà tí ẹjọ́ parí, adájọ́ dá bàbá náà láre, ṣùgbọ́n owó gbà-máà-bínú tó ní kí ọlọ́kọ̀ san kò tó èyí tí jámáà ná. Owó tí ènìyàn bá ní òun ti ná, òfin ní kí ó fi ìwé rẹ̀ hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Owó ìrora nìkan ni adájọ́ lè fojú ara rẹ̀ díwọ̀n.

Àwọn kan ní kí a fi í lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. A ní rárá. Nínú ìwé òfin ẹ̀sìn tí a fi ń kọ́ ọmọ, ìka ọwọ́ kan, ràkúnmí 10 ni. Eyín kan, ràkúnmí 5. Gbígba ẹ̀tọ́ kì í ṣe àìní sùúrù.

Lọ́yà sọ fún wa pé oṣù 3 péré la ní láti pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó ní, "Ààfáà, ẹkún kọ́ la ń lọ sun níbẹ̀ o." Wọn kì í fọwọ́ kan owó tí adájọ́ dá, àfi bó bá gba ọ̀nà òdì, tàbí tí owó náà kéré tàbí pọ̀ kọjá ààlà. Ẹjọ́ jàǹbá ọkọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Flint àti Lovell, ọdún 1935, ni ìlànà yìí ti wá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú tí wọ́n ń pè ní júrì fún ẹni tí ọkọ̀ ṣe léṣe ní dọ́là 500, adájọ́ sọ ọ́ di 1,500. Lọ́dún 1935 yẹn kan náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní adájọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bu owó kún ti júrì. Lọ́dọ̀ tiwa, adájọ́ nìkan ló ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì lè fi kún un.

A bi í léèrè nípa rìsíìtì tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ó ní ohun tí a lè mú wá tẹ́lẹ̀ ká ní a wá a, wọn kì í sábà gbà á mọ́. Mẹ́rin wà lápò wa lọ́jọ́ náà. A dákẹ́. Orí owó ìrora nìkan la wá gbé ẹjọ́ náà kà, ó sì wọlé kí oṣù 3 tó pé.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a jẹ́wọ́ fún bàbá náà. Ó ní, "Ààfáà, ta ló gbé mi dé ọsibítù?" Ó sì tún ń ránṣọ lọ. Ẹ̀rọ àfọwọ́yí ló ń lò báyìí, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a yí i. Ọmọ náà ń pẹ́ dé kéú lẹ́yìn làásárì, a kì í bi í pé kí ló dé.