Ẹ̀rọ Àtijọ́ Tí Mo Ṣe Onígbọ̀wọ́ Fún

Díẹ̀ ló kù kí ojú tì mí ní ilé-ìwé wa ní Ìbá ní ìparí táàmù tí ó kọjá, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí mo ṣe onígbọ̀wọ́ fún.

Epson LX-300 ni ẹ̀rọ náà, irú èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbá rìbọ́ọ̀nù mọ́ ìwé. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ti fẹ́ rà á, èmi ni mo ní kí ọ̀gá wa obìnrin má tà á. Òun nìkan ló lè gé sítẹ́ńsìlì fún gẹ́sítẹ́nà wa: bí a bá yọ rìbọ́ọ̀nù kúrò, abẹ́rẹ́ yóò gún ìda ara sítẹ́ńsìlì náà. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kì í gbá nǹkan.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, kọ̀ǹpútà àtijọ́ wa jóná. Wọ́n ra alágbèéká tuntun, ṣùgbọ́n kò ní ihò tí okùn ẹ̀rọ náà lè wọ̀.

“Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní kí n má tà á o,” ni ọ̀gá wí. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ti pẹ́. Ní 1970 ni ilé-iṣẹ́ Centronics ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé eléyín 36 jáde. Ní 1981, IBM fi ihò 25 sára kọ̀ǹpútà tirẹ̀ fún irú rẹ̀. Wáyà mẹ́jọ ni ń gbé lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan náà, bí ènìyàn mẹ́jọ tí ń gbé pósí. USB tí ó dé ní 1996 ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nítorí náà okùn tí yóò so àwọn méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ kékeré nínú.

Mo wọ kórópe lọ sí Alábà. Ìkánjú kò jẹ́ kí n wo ẹnu ohun tí mo rà: eyín mẹ́sàn-án ló ní! Owó ọkọ̀ lọ, ọjọ́ kan lọ. Lọ́jọ́ kejì mo ya àwòrán ẹnu ẹ̀rọ náà sínú fóònù mi. Ọmọkùnrin tó ń tajà wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti mú èyí wá lánàá.” Ó fún mi ní eléyín 36.

Mo so ó, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìdánwò sì di ọ̀la!

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún kí n tó rántí. Níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń béèrè ọ̀nà tí iṣẹ́ yóò gbà, LPT1 ni mo yàn, bí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe láti Ìjànikin, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà, kí ó tó di yunifásítì ní 2022. Kọ̀ǹpútà tuntun ṣì ń dárúkọ LPT1, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni. Mo yan USB001. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀! Àwọn ọmọ sáré wá sí ojú fèrèsé. Ọ̀gá yọjú, kò sọ nǹkan kan, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìròyìn náà dé Okokomaiko. Bàbá kan tí ń fi irú ẹ̀rọ yìí tẹ ìwé ẹrù oníkábọ̀n ra irú okùn mi, tirẹ̀ náà sì ń ṣiṣẹ́. Ló bá tún ní òun fẹ́ ra òmíràn fún scanner àtijọ́ òun. Mo ní kó má náwó: ohun tí okùn yìí ń sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni òun, kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Kò gbà mí gbọ́. Àárọ̀ àná ni mo rí i nínú kórópe, ó ń lọ sí Alábà.